Kí Ni Kí A Fi Bo Ilẹ̀kùn Onígíláàsì Níbi Ìfọṣọ?

Ní ìjókòó ìgbìmọ̀ tó kọjá, ìwé ẹ̀yáwó mẹ́ta ló dé iwájú wa lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kọ́tìnnì àti bíláìndì tí wọn yóò fi bo ilẹ̀kùn onígíláàsì. Méjì jẹ́ ti àwọn alágbàfọ̀ tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ìyá kan nínú ẹgbẹ́ tí ó ya yàrá kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀, tí ó ń fọṣọ tí ó sì ń lọṣọ níbẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò. Nínú ìwé ẹnì kan, owó bíláìndì nìkan ju owó áyọ́ọ̀nù àti tábìlì ìlọṣọ pọ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ kò tíì fọwọ́ sí i, wọn kò sì tíì dá a padà. Wọ́n ní kí àwa tí a ń kọ ìwé ìròyìn yìí ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, nítorí pé kì í ṣe àwọn mẹ́ta yìí nìkan ló kàn. Ó kan télọ̀ tí ó ní ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì, ó sì kan ẹni tí ó ń ta aṣọ.

Kí a má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, èrò tiwa rèé: kí ẹ tó náwó sí ohun tí ẹ ó fi kọ́ sí inú yàrá, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ lè ṣe sí ìta ilẹ̀kùn náà. Ohun tó wà níta ni yóò gba aṣọ oníbàárà sílẹ̀. Èyí tó wà nínú, iṣẹ́ tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí owó rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a kò fi yọ gíláàsì náà kúrò, kí a gbé ilẹ̀kùn onípákó tàbí onírin padà síbẹ̀. Rárá o. Gíláàsì ní èrè tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ wọlé ni alágbàfọ̀ fi ń rí àbààwọ́n lára àgbádá funfun, ẹ sì mọ bí iná mọ̀nàmọ́ná ṣe ń ṣe wá nílùú yìí. Ilẹ̀kùn tí kò mú ìmọ́lẹ̀ wọlé, jẹnẹrétọ̀ ni yóò máa jẹun nítorí rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Lójú títì pàápàá, ẹni tó ń kọjá lọ a máa rí aṣọ tí a ti lọ̀ tó so rọ̀ dáadáa, a sì mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀. Pátákó ìpolówó ni gíláàsì yẹn, owó orí rẹ̀ kò sì sí. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí a dí i pa. Kí a mọ ohun tí a fẹ́ dènà ni.

Ohun àkọ́kọ́ ni oòrùn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí gíláàsì bá ti wà láàárín aṣọ àti oòrùn, aṣọ ti bọ́ nínú ewu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìtànṣán oòrùn, oríṣi ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ojú wa kò lè rí. Apá kan nínú rẹ̀ ni ó máa ń jó awọ ara kíákíá, gíláàsì lásán sì máa ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú apá yìí dúró. Ṣùgbọ́n apá kejì ń gba inú gíláàsì kọjá, púpọ̀ rẹ̀ ni ó ń kọjá. Àwọn méjèèjì ló ń pa aró lára. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìmọ́lẹ̀ tí a ń fojú rí pàápàá ń pa aró, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ìdí nìyí tí aṣọ tí oníbàárà kò tètè wá gbà, tí a fi kọ́ sí ẹ̀yìn gíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, fi máa ń ṣá ní èjìká àti ní etí apá kan, tí inú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere bíi tuntun. Kóòtù dúdú á máa pọ́n. Àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀lú re láró á di funfun ní ibi tí wọ́n ti ká a. Aṣọ tí ó ti ṣá báyìí, kò sí ọṣẹ tàbí sítáàṣì tí ó lè dá a padà.

Ẹ sì mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Oníbàárà á na aṣọ náà síwájú, á ní, "Ìyá, aṣọ tí mo gbé wá kọ́ nìyí." Kí ni ẹ ó wí? Bí ó bá jẹ́ aṣọ ìyàwó, tàbí aṣọ ẹgbẹ́ tí wọn kò lè rí irú rẹ̀ rà mọ́ lọ́jà, owó ìfọṣọ oṣù méjì lè wọ inú aṣọ kan ṣoṣo. Ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ sínú ẹ̀san báyìí, ṣé ti ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ni yóò rántí san ní ìparí oṣù? Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ kọ́tìnnì di ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀.

Ooru náà wà níbẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá ti gba inú gíláàsì wọlé, ara ilẹ̀, ara ògiri àti ara aṣọ ni yóò bà lé, yóò sì di ooru. Ooru yìí kò rọrùn fún un láti gba ojú gíláàsì padà síta bí ìmọ́lẹ̀ ṣe gbà á wọlé. Ẹni tó bá ti gbé ọkọ̀ sínú oòrùn rí, tó sì ti gbogbo fèrèsé rẹ̀, ó mọ ohun tí à ń wí. Nísinsìnyí, ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná àti omi gbígbóná kún un. Ẹni tó ń lọṣọ nínú yàrá bẹ́ẹ̀ láti aago méjì sí aago mẹ́fà ń fi ara rẹ̀ ṣòfò ni.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìta àti inú ti wọlé. Kọ́tìnnì tó wà nínú yàrá kò lè dá ooru dúró níta, nítorí pé oòrùn ti wọlé kí ó tó kàn án. Kọ́tìnnì náà á gbóná, yóò sì máa tú ooru rẹ̀ sínú yàrá. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá funfun, yóò dá díẹ̀ padà síta, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni. Ohun tí ó bá wà ní ìta gíláàsì ní tirẹ̀, ìta ni yóò ti gba oòrùn mú, afẹ́fẹ́ á sì gbé ooru rẹ̀ lọ. Èyí kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn baba wa, iṣẹ́ yìí ni ó ń ṣe. Àwọn ayàwòrán ilé méjì láti Ìlú Ọba, Maxwell Fry àti Jane Drew, tí wọ́n ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tí a ṣì ń pè é ní University College, ọ̀nà yìí ni wọ́n tọ̀: wọ́n fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn àti ògiri onihò-onihò ṣíji bo yàrá. Ní ọdún 1956 wọ́n tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe ń kọ́lé ní ilẹ̀ olóoru tó ní ọ̀rinrin bíi tiwa. Ẹni tó bá dé ọgbà yunifásítì náà, kí ó fojú wo àwọn ilé wọ̀nyẹn dáadáa. Kò sí bíláìndì kankan tó ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn ihò wọ̀nyẹn ń ṣe.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ni oòrùn ń bá jà bákan náà, ibi tí ilẹ̀kùn kọjú sí ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ilẹ̀ wa ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo wà ní nǹkan bíi dígíríì 7 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Fún ìdí èyí, láti oṣù kẹsàn-án títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ìhà gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń tẹ̀ sí. Láti oṣù kẹrin sí ìparí oṣù kẹjọ, ìhà àríwá ni. Ilẹ̀kùn tó kọjú sí àríwá kò ní wàhálà púpọ̀, nítorí pé ìgbà tí oòrùn ń yí sọ́dọ̀ rẹ̀ gan-an ni ìkùukùu òjò ń bo ojú ọ̀run. Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá kọjú síbẹ̀, kí ó fi owó rẹ̀ sápò. Ohun tí yóò fi dènà ojú ènìyàn nìkan ló kù fún un, a ó sì dé ibẹ̀.

Èyí tó kọjú sí gúúsù, etí òrùlé lè gbà á. Ní oṣù kejìlá, nígbà tí oòrùn ti lọ sí gúúsù jù lọ, ó ṣì ga tó nǹkan bíi dígíríì 60 ní ọ̀sán gangan. Bí etí òrùlé tàbí àtíbàbà bá yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tí ó sì wà nítòsí orí ilẹ̀kùn, òjìji rẹ̀ yóò bo ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà 7 fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀.

Ìwọ̀-oòrùn ni iṣẹ́ wà. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í ga, ojúkorojú ni ó ń wo ilẹ̀kùn. Àtíbàbà ẹsẹ̀ bàtà 4 tó gbà wá sílẹ̀ ní gúúsù, bí ó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn, òjìji rẹ̀ lè má bò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ láti òkè. Gbogbo ìyókù á wà nínú oòrùn. Ìlà-oòrùn náà rí bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀, àmọ́ ara ṣì tutù nígbà náà, kò sì pẹ́ tí oòrùn fi ń gòkè. Fún ilẹ̀kùn tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ohun tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ẹní ọparun tí a lè ká sókè ni àwa fẹ́ràn jù. Kí a so ó mọ́ etí àtíbàbà, kì í ṣe mọ́ ara gíláàsì, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín wọn kọjá. Bí ó bá di aago méjì, kí a sọ ọ́ kalẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, kí a ká a sókè. Ìmọ́lẹ̀ ṣì ń gba àárín ọparun náà wọlé, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ògiri nìyẹn. Bí òjò bá pa á fún ọdún mélòó kan, yóò jẹrà. Kò burú, a ó ra òmíràn, owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó bíláìndì tí a rí nínú ìwé ẹ̀yáwó yẹn. Ẹni tí kò bá rí ẹní ọparun, tápólì aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lè ṣe é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjì máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ fi irin tàbí igi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó wúwo, kí ẹ sì so ó.

A ní káfíńtà nínú ẹgbẹ́, a ní àwọn tó ń jó irin. Ẹ lọ bá wọn. Ó sàn kí owó ẹgbẹ́ máa yí láàárín ara wa ju kí ó gba ẹnu ọ̀nà onílé ìtajà ńlá kan lọ tí kò ní padà wá mọ́. Bí ṣọ́ọ̀bù bá sì jẹ́ ti onílé, ẹ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó lu ìṣó kankan, kí àtíbàbà má sì yọ sórí gọ́tà ìjọba, kí wọ́n má baà wá wó o.

Ó ku ojú ènìyàn. Yàrá ìfọṣọ kì í ṣe ibi tí gbogbo ayé yẹ kó máa wò. Aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ oníbàárà wà níbẹ̀, aṣọ olówó ńlá wà níbẹ̀, ìyá tó ń fọṣọ sì lè wà nínú yẹ̀rì àti búbà tí omi ti rin. Àwọn olè náà ní ojú, wọ́n a máa wo ohun tó so rọ̀ kí wọ́n tó pinnu ibi tí wọn yóò fọ́.

Ẹ̀tàn kan wà níbí tó ti gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Sitíkà kan wà lọ́jà tó ń dán bíi dígí, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ẹni tó ń tà á á ní kí ẹ bọ́ síta kí ẹ wo inú, ẹ kò sì ní rí nǹkan kan. Òtítọ́ ni, ní ọ̀sán. Ìdí rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tó wà níta ju ti inú lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ẹ tan iná sínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ á yí padà: àwọn tó wà nínú òkùnkùn níta á máa rí yín kedere, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú kò sì ní rí wọn. Kọ́tìnnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi nẹ́ẹ̀tì náà kò yàtọ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ di aago mẹ́jọ alẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbára lé wọn. Sitíkà funfun tó dà bí ìgbà tí ìrì bo gíláàsì ni ó dára. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀, ojú kò lè gbà á, ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Àmọ́ bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn ní alẹ́ láti inú, wọ́n lè rí òjìji rẹ̀ níta. Omi kì í bà á jẹ́, àkísà tútù ni a fi ń nù ún. Kò dá ooru dúró púpọ̀ ṣá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn yín. Èyí tó dúdú jù, ó máa ń mú kí gíláàsì fúnra rẹ̀ gbóná, gíláàsì tí apá kan rẹ̀ gbóná ju apá kejì lọ sì lè sán.

Kò pọn dandan kí a bo gbogbo rẹ̀. Ojú ẹni tó dúró, láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 6 ló máa ń wà. Bí ilẹ̀kùn bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7, tí a bo ó láti ìsàlẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 6, ìmọ́lẹ̀ ṣì ń wọlé lókè. Àwọn tó wà lójú títì lè ṣí ibi kékeré kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n á gbé aṣọ tí wọ́n fi ń polówó sí. Kí aṣọ náà jẹ́ tiwọn o, kó má ṣe jẹ́ ti oníbàárà.

Bí a bá ti ṣe ti ìta, kí wá ni ká fi sí inú? A ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àrán àti kọ́tìnnì tó nípọn tó ní aṣọ méjì: rárá. Pálọ̀ ni ibùgbé wọn. Nínú yàrá ìfọṣọ, oru omi ni wọn yóò máa mu láti àárọ̀ dalẹ́, tí ó bá sì di ìgbà òjò tí nǹkan kì í gbẹ, wọn á bu. Ẹ ó rí àwọn àmì dúdú tín-tìn-tín ní ìsàlẹ̀ wọn, ẹ ó sì gbọ́ òórùn. Òórùn yẹn a máa mọ́ aṣọ tí a ti fọ̀ lára, oníbàárà á sì rò pé omi ìdọ̀tí ni ẹ fi fọ ọ́.

Bíláìndì onípákó máa ń wú, ó sì máa ń lọ́. Èyí tí wọ́n fi irin lásán ṣe tí wọ́n kùn lọ́dà, ọ̀dà náà á bó, irin á dípẹtà, ìpẹtà lára aṣọ funfun sì ni àbààwọ́n tó burú jù lọ nínú iṣẹ́ yín. Ti alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bẹ́ẹ̀, ẹ ṣáà wo súkúrù rẹ̀ dáadáa, nítorí pé irin lásán ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Ti rọ́bà kò ní ìṣòro omi, ṣùgbọ́n oòrùn ìwọ̀-oòrùn á mú kí ó gan, kí ó sì máa ṣẹ́ bíi igi gbígbẹ. Ẹ̀sùn mìíràn tí a ní sí gbogbo bíláìndì ni ọyẹ́. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, eruku yóò bà lé orí abala kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni a ní láti máa nù wọ́n. Ẹni tí kò bá nù ún, bí ó bá ṣí ilẹ̀kùn pẹ́nrẹ́n, eruku á gbọn sórí aṣọ tútù. Ta ló ní àyè láti máa nu bíláìndì ní oṣù kejìlá, nígbà tí aṣọ ọdún kún ilẹ̀?

Kọ́tìnnì polẹ́sítà kì í sún kì, ó sì ń tètè gbẹ. Bí áyọ́ọ̀nù bá kàn án, yóò yọ́, yóò sì lẹ̀ mọ́ ojú áyọ́ọ̀nù náà. Òwú lásán ní àléébù tirẹ̀: ó ń sún kì, ó ń mu omi, iná sì ń tètè ràn án. Síbẹ̀ òun ni àwa yóò fọwọ́ sí. Ìdí wa ni pé alágbàfọ̀ ni yín. Kọ́tìnnì òwú tí ó bá dọ̀tí, ẹ ó jù ú sínú omi pẹ̀lú aṣọ yòókù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, ẹ ó sì lọ̀ ọ́ padà. Kò ní ná yín ju ọṣẹ lọ. Kí ó jẹ́ funfun tàbí aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí aró rẹ̀ kì í ṣí, nítorí pé bí aṣọ funfun tútù bá fara kan kọ́tìnnì pupa, ẹ mọ ìyókù.

Bí a ṣe ń fi kọ́ ọ náà ṣe pàtàkì. Kọ́tìnnì tó so rọ̀ láti ògiri yóò máa fẹ́ káàkiri bí ilẹ̀kùn bá ṣí, yóò máa kan ẹni tó gbé abọ́ omi, yóò sì lè fẹ́ dé orí áyọ́ọ̀nù. Fún ilẹ̀kùn tó ń ṣí wọlé tàbí síta, ẹ jẹ́ kí a kan ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ara ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí a sì ki kọ́tìnnì bọ àwọn méjèèjì. Bí ilẹ̀kùn bá ń lọ, á máa bá a lọ. Fún ilẹ̀kùn tí à ń fà lọ sí ẹ̀gbẹ́, èyí kò ṣeé ṣe, ara ògiri ni kí ọ̀pá wà, kí kọ́tìnnì sì dúró ní íńṣì kan sí ilẹ̀ kí ó má baà máa fa omi.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò yáàdì, nítorí pé ní Gbági, ẹni tí kò mọ iye tó fẹ́ ni wọ́n ń tà lé. Ẹ mú ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ní íńṣì 36, tó ga ní íńṣì 84, tí kọ́tìnnì rẹ̀ yóò so láti ògiri. Ẹ fi íńṣì 6 kún un ní ọ̀tún àti íńṣì 6 ní òsì kí oòrùn má baà gba ẹ̀gbẹ́ wọlé: ó di 48. Kí kọ́tìnnì tó lè wé dáadáa, ó yẹ kí aṣọ fẹ̀ tó ìlọ́po kan àbọ̀ sí ìlọ́po méjì ìyẹn, ìyẹn ni 72 sí 96. Bí aṣọ ọjà bá fẹ̀ ní íńṣì 45, abala méjì yóò fún yín ní 90, ó tó. Ní gígùn, 84 pẹ̀lú íńṣì 8 fún ibi tí ọ̀pá yóò gbà àti ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ jẹ́ 92. Abala méjì jẹ́ íńṣì 184, èyí tó ju yáàdì 5 lọ díẹ̀. Ẹ ra yáàdì 5 àbọ̀, kí ẹ fọ aṣọ náà kí ó sún kì tán kí télọ̀ tó gé e. Èyí tí a ó ki bọ ọ̀pá méjì lára ilẹ̀kùn kò tó bẹ́ẹ̀, yáàdì 3 sí 4 lè tó o bí ẹ bá fi ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ lókè.

Nǹkan méjì tí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ eré. Àkọ́kọ́ ni iná. Tábìlì ìlọṣọ kò gbọ́dọ̀ wà níbi tí kọ́tìnnì lè fẹ́ dé, pàápàá fún àwọn tó ṣì ń lo áyọ́ọ̀nù eléèédú tó ń ta ẹ̀tapàrà. Ilẹ̀kùn yẹn ni ẹ ó gbà sá jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ, ẹ má ṣe fi ohunkóhun dí i. Bí ẹ bá sì ń tan jẹnẹrétọ̀, kó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà náà pátápátá. Kọ́tìnnì kò lè dá èéfín rẹ̀ dúró, èyí tó ń pa ènìyàn nínú rẹ̀ kò sì ní òórùn.

Èkejì ni okùn bíláìndì. Ìyá tó ń fọṣọ nílé, ọmọ wẹ́wẹ́ ń sáré yí i ká. Okùn gígùn tí wọ́n fi ń fa bíláìndì sókè, bí ó bá ká bíi òrùka, ọmọ lè ki orí bọ̀ ọ́, ó sì lè fún un lọ́rùn pa ní ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí ariwo. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń ṣe bíláìndì ní Amẹ́ríkà fi fi í sínú ìlànà iṣẹ́ wọn pé, láti ìparí ọdún 2018, èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ tí wọ́n ń tà nínú ilé ìtajà kò gbọ́dọ̀ ní okùn tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Nílé wa níbí, wọ́n ṣì ń ta olókùn. Ẹni tó bá ti ní irú rẹ̀, kí ó gé òrùka okùn náà sí méjì lónìí, kí ó kan ìkọ́ sí òkè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé, kí ó sì máa wé okùn náà mọ́ ọn.

Ìgbìmọ̀ yóò tún jókòó ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tí ìwé wọn wà nílẹ̀, àti ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ kọ irú rẹ̀, kí wọ́n kọ nǹkan wọ̀nyí sí ẹ̀yìn ìwé náà: ibi tí ilẹ̀kùn kọjú sí, bó ṣe fẹ̀ àti bó ṣe ga, aago tí oòrùn máa ń wọlé àti aago tó máa ń kúrò, ohun tó wà níta rẹ̀ báyìí, àti iye tí káfíńtà tàbí ẹni tó ń jó irin pè fún àtíbàbà. Ti àtíbàbà àti ẹní ọparun ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Owó kọ́tìnnì òwú kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ yáwó, ẹ lè yọ ọ́ nínú owó ìfipamọ́ yín. Ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ó wá sí ọ́fíìsì, okùn ìwọ̀n wà lórí tábìlì wa, a ó yá a lò, kí ó ṣáà dá a padà ní ọjọ́ kejì.